Kí Ni C6 Lè Sọ Nípa Sáyẹ́ǹsì Ọmọ?

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2025, àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá jáde, ilẹ̀ Nàìjíríà sì gbóná. Nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,900,000 tó ṣe ìdánwò náà, ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní krẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ìdá 72.12 ni ti ọdún 2024. Òbí ń bú tíṣà, tíṣà ń bú ìjọba, àwọn àgbà ń bú fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ ò tíì pé tí àjọ náà fi padà wá túúbá. Wọ́n ní àṣìṣe wọ ìwé ọbujẹ́tíìfù Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, nítorí fáìlì tí kò yẹ ni wọ́n lò. Wọ́n tún un máàkì, 38.32 sì di 62.96.

Kò sí ọmọ tó tún ìwé kà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìdáhùn tí wọ́n ti kọ náà ló wà nílẹ̀.

Ohun tó fa wàhálà yìí kì í ṣe ohun burúkú. Lọ́dún náà, WAEC ṣe ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì àti Ẹkọnọ́míìsì ní oríṣiríṣi, tó fi jẹ́ pé ìwé ọmọ kan kò ní bá ti ẹni tó jókòó tì í mu, kí wọ́n má baà lè wo ti ara wọn. Èrò rere ni, ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ti bà jẹ́. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, náà ti ko irú rẹ̀. Àwọn sẹ́ńtà kan ní Èkó àti ní ìlà oòrùn gúúsù kò gba àtúnṣe tó yẹ sórí ẹ̀rọ wọn, àwọn ọmọ 379,997 ló sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, sunkún lójú gbogbo ayé nígbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé kò sí òótọ́ nínú èsì ìdánwò mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbà pé bí ọmọ bá ti ní A nínú físíìsì, onísáyẹ́ǹsì ti dé nìyẹn. Apá méjèèjì yára jù. Èsì ìdánwò ní ohun tó ń sọ nípa ohun tí ọmọ mọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ tú u wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà kan

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Àgbò dé Ojówó, láti Òkè-Sòpin dé Jàpárà àti Àtìkòrí, òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà kò ní rìn jìnnà kó tó rí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 1982. Àmọ́ kí ọmọ tó wọlé síbẹ̀, C6 ni ó kéré jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bá bèèrè. Láti A1 títí dé F9 ni WAEC ń ka girédì, C6 sì ni àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn lára krẹ́díìtì. Ẹni tó bá ní D7 ti jábọ́ sí ìta.

Kí ló wá wà nínú C6 yẹn? Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́mísìrì. Ìwé mẹ́ta ni ọmọ ṣe. Àkọ́kọ́ ni ọbujẹ́tíìfù, ìbéèrè 50, kó mú ẹyọ ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Èkejì ni tíọ́rì, níbi tó ti máa ṣàlàyé, tó máa kọ ìdọ́gba kẹ́míkà, tó máa ṣe ìṣirò. Ẹ̀kẹta ni práktíkà, nínú láàbù, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú. WAEC á kó máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sì di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan.

Ká ní ọmọ méjì ló wà ní kíláàsì kan tí wọ́n jọ gba C6. Ọ̀kan mọ ìwé há sórí, ó gba máàkì rẹpẹtẹ nínú ọbujẹ́tíìfù, ṣùgbọ́n nígbà tó dé láàbù, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń di bùrẹ́ẹ̀tì mú. Èkejì kò lè sọ òfin kan bí ìwé ṣe sọ ọ́, àmọ́ ó ń wọn nǹkan pẹ̀lú sùúrù, ó ń kọ ohun tó rí, kì í sì í purọ́ mọ́ nọ́ńbà. Lórí ìwé ẹ̀rí, dọ́gba-n-dọ́gba ni wọ́n. Ìrànlọ́wọ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe fún àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Ibi tí ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀

Títíréṣọ̀n ni ìbéèrè práktíkà kẹ́mísìrì tí gbogbo ọmọ sáyẹ́ǹsì mọ̀. Ọmọ á fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi báàsì, 25.00 cm³ lọ́pọ̀ ìgbà, sínú fláàsì. Á kán ẹ̀kán méjì methyl orange sí i, omi náà á sì pọ́n bí ìyeyè. Ásíìdì wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì lókè. Á máa tú u sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ kejì mi fláàsì, títí àwọ̀ náà á fi yí padà. Bí ẹ̀kán kan bá kọjá ibi tó yẹ, òǹkà ti bàjẹ́. Á tẹrí ba kí ojú rẹ̀ bá omi inú bùrẹ́ẹ̀tì dọ́gba, nítorí omi náà máa ń kọ kòtò ní àárín, ìsàlẹ̀ kòtò náà sì ni wọ́n ń kà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé kíkọ. Òǹkà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojú àmì: 24.50 ni, kì í ṣe 24.5. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ ṣe é jẹ́ ìdánrawò lásán, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó kù bó bá ń wá àárín wọn. Àwọn òǹkà tó máa lò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má ju 0.20 cm³ lọ.

Ó dà bí òfin kékeré, àbí? Àmọ́ òkìtì ìmọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó kọ 24.5 kò tíì mọ̀ pé nọ́ńbà ìkẹyìn ń sọ bí irin-iṣẹ́ náà ṣe péye tó. Èyí tó da ìdánrawò pọ̀ mọ́ òǹkà gidi kò tíì mọ ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí òǹkà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu rẹ́gí-rẹ́gí nígbà tí ti gbogbo kíláàsì ń yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kàn hùmọ̀ wọn. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìdáhùn ọmọ, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tí C6 sọ fún òbí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni físíìsì ṣe rí. Ọmọ á so òkúta kékeré mọ́ okùn, á jẹ́ kó máa fì síwá sẹ́yìn, á fi aago ka ìgbà tí ogún ìfì gbà, á gé okùn kúrú, á tún un ṣe. Á wá ya gíráàfù. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á yan ìwọ̀n gíráàfù tó ṣòro kà, wọn ò ní kọ orúkọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, tàbí kí wọ́n ya onígun mẹ́ta tíńtín láti fi mọ ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà, nígbà tí àǹfààní wà láti ya ńlá. Nínú báyọ́lọ́jì, ọmọ á ya eegun tàbí èso, á wá fi ìlà tó ń gba orí ara wọn kọjá tọ́ka sí i, tàbí kó kọ orúkọ apá kan ní ìkọkúkọ kí máàkì rẹ̀ sì lọ.

Àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kì í ṣe ohun àṣírí. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá olùyẹ̀wò WAEC fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ìròyìn jáde: ohun tí àwọn ọmọ ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà ní ìbéèrè kan sí èkejì, àti ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí i. Àjọ náà gbé àwọn ìròyìn ọdún pípẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà wọ́n. Bí èèyàn bá ka ti ọdún bíi mẹ́ta tẹ̀ léra, yóò rí i pé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: nọ́ńbà tí kò ní ìwọ̀n, àwòrán tí kò ní orúkọ, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ, ọmọ tí kò ka ìbéèrè tán kó tó dáhùn.

Molusi àti ọkùnrin méjì

Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dá Molusi College sílẹ̀ ní 1949, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́kọ́: Stephen Olúwọlé Awókọ́yà, ọmọ Àwà, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún mélòó kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn sì ni wọ́n gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Jánúárì 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 457,000 sí 811,432. Lẹ́yìn náà, Awókọ́yà lọ ṣiṣẹ́ ní UNESCO, lórí bí sáyẹ́ǹsì ṣe lè ran ìdàgbàsókè lọ́wọ́.

Ẹni tó gba ipò wọn ní Molusi ni Táì Ṣólàrín. Ní 1956 ni Ṣólàrín kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọn kì í ṣe ẹni tó gbà pé inú ìwé nìkan ni ọmọ ti ń gbọ́n: oko, ọwọ́ àti ọpọlọ ni wọ́n fi ń kọ́ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà ń jókòó ṣe WAEC bíi ti gbogbo èèyàn. Láàárín ohun tí ilé-ìwé ń fẹ́ kọ́ ọmọ àti ohun tí ìdánwò lè wọ̀n, ìjà ti wà láti ìgbà yẹn.

Sáyẹ́ǹsì ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè tó tún ta kókó jù ni èyí: bí ọmọ bá kùnà nínú báyọ́lọ́jì, ṣé báyọ́lọ́jì ni kò mọ̀ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bi í léèrè?

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Jánúárì 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, bí ó ti ń rí ní ilé-ìwé mìíràn. Wọ́n wá ń fún gbogbo wọn ní ìdánwò, wọ́n sì ń fi èsì wéra. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ kò já sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ ìròyìn ìdánwò náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni Adédibú Òjérìndé. Ọkùnrin yìí náà ló di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ ìdánwò NECO nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1999, kó tó wá di ọ̀gá JAMB ní 2007. Lábẹ́ rẹ̀ ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ní 2013.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Lára ẹ̀rí tí mínísítà náà fà yọ ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Èsì ìdánwò ni Ifẹ̀ fi gbe èdè abínibí lẹ́sẹ̀, èsì ìdánwò náà sì ni Àbújá fi gbá a dànù. Àmọ́ irú èsì méjèèjì yàtọ̀. Ní Ifẹ̀, wọ́n ní àwọn tí wọ́n fi wé ara wọn, ilé-ìwé kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà, èdè sì ni olórí ohun tí wọ́n yí padà. Bí a bá wo agbègbè kan lódindi tí èsì rẹ̀ kò dára, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti dà pọ̀ níbẹ̀: òṣì, àìsí olùkọ́, àìsí láàbù, ìjà àti ìfinisílẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe máa na ìka sí èdè láàárín gbogbo ìyẹn láìkọ́kọ́ yọ àwọn tó kù sọ́tọ̀.

Gánà nínú ìdánwò àgbáyé

Fífi èsì wéra kò mọ sáàárín agbègbè. Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì àgbáyé ní àwọn ọdún 1980, nínú ìwádìí sáyẹ́ǹsì kejì tí ẹgbẹ́ IEA ṣe. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà gbé TIMSS, ìdánwò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, jáde ní 1995, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì ń ṣe é. Gánà wọ ọ́ ní 2003, 2007 àti 2011, pẹ̀lú àwọn ọmọ JHS ọdún kejì. Nínú sáyẹ́ǹsì, òṣùwọ̀n tí àárín rẹ̀ jẹ́ 500, Gánà gba 255 ní 2003, 303 ní 2007, 306 ní 2011.

Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé Gánà ló gbẹ́yìn ní 2011, òótọ́ sì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rí ni pé láàárín ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti fi 51 gòkè. Ẹni tó ka ipò nìkan á sọ pé kò sí ohun tó yí padà; ẹni tó bá ka òǹkà láti ọdún dé ọdún á bèèrè ohun tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2007 tí èsì fi fò bẹ́ẹ̀, àti ìdí tó fi dúró lẹ́yìn náà.

TIMSS kò fún ọmọ kankan ní girédì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìwọ̀nba ìbéèrè díẹ̀ lára èyí tó pọ̀ gan-an, èsì sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, kò sí òbí tó máa ra ìbéèrè, kò sí ilé-ìwé tó máa di mírákù sẹ́ńtà nítorí rẹ̀. Ó tún ń pín ìbéèrè sí mẹ́ta: èyí tó ń wo ohun tí ọmọ mọ̀, èyí tó ń wo bó ṣe lè lò ó, àti èyí tó ń wo bó ṣe ń ronú. PISA tí OECD ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 tún lọ síwájú díẹ̀: ó ń bèèrè bóyá ọmọ lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ̀ lọ́nà sáyẹ́ǹsì, bóyá ó lè mọ ìwádìí tí wọ́n ṣe dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe lásán, àti bóyá ó lè ka àtẹ nọ́ńbà kó sì mọ ohun tó ń wí.

Ìdánwò tiwa ní iṣẹ́ mìíràn. WAEC àti JAMB ń pinnu ẹni tó máa wọ yunifásítì, ìdí sì nìyẹn tí èkìspó fi wà. Ní 2025, bí ìdá 9.75 nínú ọgọ́rùn-ún èsì WAEC ni wọ́n dá dúró nítorí ẹ̀sùn ìwà àbòsí. Bí ilé-ìwé kan bá kọ ìdáhùn títíréṣọ̀n sójú pátákó fún gbogbo kíláàsì, A1 ni wọ́n máa gbà, ṣùgbọ́n èsì náà kò wọ̀n ohunkóhun mọ́. JAMB ní ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú: ìdáhùn mẹ́rin, mú ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á máàkì rẹ̀. Ó yára, kò sì ní ojúsàájú, ṣùgbọ́n kò sí bùrẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Kódà ọmọ tó bá ń ṣe WAEC ti aládàáni, èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń pè ní GCE, orí ìwé ni wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè práktíkà.

Bí olùkọ́ ṣe lè tú èsì wò

Kò dìgbà tí ìjọba bá gbé owó wá kí ilé-ìwé tó lè lo èsì dáadáa. Lẹ́yìn mọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdánwò ìdánrawò ilé-ìwé, olùkọ́ lè ya àtẹ sínú ìwé: orúkọ ọmọ lápá òsì, nọ́ńbà ìbéèrè lókè, kó sì kọ lẹ́tà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú. Ìdáhùn tí kò tọ́ gan-an ló wúlò jù níbẹ̀. Ká ní ìbéèrè kan wí pé ìgbà wo ni igi kòkó ń mí, tí ọ̀pọ̀ kíláàsì sì mú “òru nìkan”. Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Wọ́n ti da mímí pọ̀ mọ́ bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ: wọ́n rò pé iṣẹ́ kan ni ti ọ̀sán, èkejì ni ti òru, nígbà tó jẹ́ pé tọ̀sán tòru ni igi ń mí. Ẹ̀kọ́ kan péré lè tún un ṣe bí olùkọ́ bá mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Àmọ́ bí ìdáhùn wọn bá fọ́n káàkiri lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a jẹ́ pé wọ́n kàn ń mefò ni, ẹ̀kọ́ náà sì nílò àtúnkọ́ láti ìpìlẹ̀.

Fífi ilé-ìwé wéra náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ilé-ìwé tó ń fi ìdánwò àbáwọlé ṣa àwọn ọmọ tó mú jù, àti èyí tó ń gba gbogbo ọmọ abúlé tó bá dé, yálà ní ìgbèríko Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní etí omi lápá Ìwópin àti Àbígí, kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó ń kọ́ni dáadáa gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn ọmọ gbé wọlé ní JSS1 kó tó wo ohun tí wọ́n gbé jáde ní SS3.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé WAEC àti NECO yóò kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ọdún 2026 ṣe gbèdéke. Yálà bébà ni tàbí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ pọ̀ fún ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ìlú bí Ìjẹ̀bú-Igbó. Òbí lè bèèrè iye ìgbà tí ọmọ ti fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì kó tó dé SS3. Wọ́n lè bèèrè bóyá olùkọ́ kẹ́mísìrì ti ka ìròyìn ọ̀gá olùyẹ̀wò ti ọdún tó kọjá, àti ohun tó yí padà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé èsì mọ́ọ̀kì wá, kí wọ́n ní kí olùkọ́ ya máàkì ọbujẹ́tíìfù, ti tíọ́rì àti ti práktíkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn, dípò lẹ́tà kan ṣoṣo.